Bámikẹ́ Dí Ihò Ìtàn

Ẹnu Bámikẹ́ mú, ká má purọ́. Gbé ìtàn kan síwájú rẹ̀, ibi tó ti ń jò ló máa kọ́kọ́ fi ìka bọ̀. Ó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó há bí àpótí ní ọjà Alábà, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tí àwọn ẹlòmíì ti dà sórí ààtàn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wà lórí Yútúùbù, níbi tó ti ń fi Yorùbá tú ìdí àwọn géèmù àwọn ará Jàpáànù, àwọn onítàn gígùn yẹn tí èèyàn ń fi odidi oṣù gbá, tí akọni kan á kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n á ní àwọn ń lọ gba ayé là. Àwọn tó ń wò ó ń pè é ní Ìyá Oníhò. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà ju bó ṣe ń díbọ́n lọ.

"Ẹ bá mi wò ó," bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Òkúta ńlá ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, ọ̀la ló máa pa gbogbo ayé rẹ́. Kí wá ni akọni wa ń ṣe? Ó ń pẹja! Ó ti sùn ní ilé àlejò lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún, ọ̀la ò tíì mọ́. Ẹ tún wò ó. Ó fi idà pa dírágónì tó ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ó wá dé ìdí ọgbà kan tí kò ju orúnkún lọ, ó ní òun ò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá a, àfi kí òun wọkọ̀ ojú omi lọ wá kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni?"

Ṣùgbọ́n ihò kan wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Nínú géèmù tó fẹ́ràn jù ní kékeré, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Yumira. Iná dírágónì jó Yumira lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójú ìjà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n wọ́n omi ìjí sí i lára, tó dìde, tó tún gbá ọ̀tá mú. Ọjọ́ tí ọ̀tá wá fi ọ̀kọ̀ gún un níwájú pẹpẹ, ìgò omi ìjí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú àpò wọn. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń sunkún. Ẹnì kankan ò rántí àpò.

Kì í ṣe Bámikẹ́ ló kọ́kọ́ rí ihò yìí. Bàbá rẹ̀ ni. Bàbá Gàníyù ò ka ìwé Òyìnbó, iṣẹ́ télọ̀ ló ṣe, aṣọ àwọn sójà ni wọ́n ń rán ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Cantonment Ọ̀jọ́ títí ojú wọn fi di bàìbàì. Ọmọ ọdún méjìlá ni Bámikẹ́ nígbà náà. Òun á máa gbá géèmù, á máa tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, bàbá á jókòó lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kakí sójà lórí ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí Yumira kú, Bámikẹ́ ń sunkún, imú ń ṣàn. Bàbá Gàníyù gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Omi àná ńkọ́?" ni wọ́n bi í.

"Omi wo, Bàbá?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi jí i lánàá tiná jó o. Ó ti tán ni? Ibi yìí ya, Bámikẹ́. Ẹni tó rán ìtàn yìí ò fa okùn ẹ̀ dé ìdí."

Ẹkún di ẹ̀rín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Sherif, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin, fi jí lórí àga, tó ń bi wọ́n léèrè ẹni tó ya nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni Bámikẹ́ ti di ẹni tó ń wá ihò ìtàn, àwọn ará ilé ò sì sinmi mọ́.

Àmọ́ nǹkan mìíràn tún wà ńdìí ẹ̀, èyí tí Bámikẹ́ kì í sọ lórí Yútúùbù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ lọ rajà ní Kútọnu. Ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíì ní oṣù kan. Ọmọ náà wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí bàtà kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi ń rìnrìn àjò, ó jókòó ti bàtà náà. Fúnra rẹ̀ ló fi orí ara rẹ̀ mọ̀ pé ìyá òun ò rin ìrìn àjò kankan, pé ó ti kú. Kò dárí ẹ̀ ji àwọn àgbà tó gbé ìtàn jíjò fún un. Àní títí di ọdún yìí, bí èèyàn bá purọ́ tí kò dán fún Bámikẹ́, kì í ṣe irọ́ ló ń bí i nínú, àìdán rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Sherif ti di géńdé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, iṣẹ́ sólà ló ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọmọ́tọ́ṣọ́. Wọ́n gun òrùlé ilé kan ní Ìjànikin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti rọ̀ lóru, páànù ń yọ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ́ pe Bámikẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀. Sherif ṣubú. Ó dákú ni." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n lórí "dákú" yẹn. Bámikẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń tú lọ́wọ́ sílẹ̀, ó mọ̀ pé kò sí "dá" níbẹ̀.

Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí ìrun Alásárì tó dé, wọ́n ti wẹ Sherif, wọ́n ti kírun sí i lára ní mọ́sálásí òpin àdúgbò wọn ní Ìbà Housing Estate, wọ́n ti gbé e lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú ní Ọ̀jọ́. Wọn ò lo gbohùngbohùn. Ilé wọn ò jìnnà sí mọ́sálásí náà, Bàbá Gàníyù sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, wọn ò mọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá yìí. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, wọ́n ṣubú nínú bálùwẹ̀. Ọkàn wọn ni. Dókítà pe Bámikẹ́ sí kọ̀rọ̀, ó ní bàbá yìí ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó lè já a láyà, pé ìjayà kan báyìí, ó lè má dìde níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti jáde. Ìyá kú, Sherif kú, bàbá nìkan ló kù fún Bámikẹ́ láyé. Bí ìròyìn yìí bá pa wọ́n, òun nìkan ló máa máa ṣílẹ̀kùn ilé náà.

Àǹtí Fàúsátù, àbúrò bàbá wọn obìnrin, tó ń ta ike ní Okókómáíkò, ló dá ẹjọ́ náà. Obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ tutù, kì í kánjú. Ó ní, "Ẹ fi Bọ̀dá mi sílẹ̀ fún mi. Èmi ni màá sọ fún wọn." Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ̀dá mi, Sherif yọ̀ ṣubú díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ṣe. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù ní Àgbádárìgì."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?" ni bàbá bi í.

"Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀."

Bámikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ní nínú ara rẹ̀, a lè lo ìyẹn. Ìgbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ fò lọ. Àǹtí Fàúsátù tún dé, ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún Sherif ṣì ń dùn ún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún! Òsì àná dà? Nígbà tó máa di ọ̀sán, ó ti ní ọsibítù Ìkejà ni. Ọmọ́tọ́ṣọ́ wá kí bàbá, ojú rẹ̀ wú, ó ní apá ló kán. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ lérán, wọ́n ń wo ilẹ̀. Bàbá àgbà kan tiẹ̀ la ẹnu, ó ní "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o." Ẹ kú ara fẹ́ra kù, fún ẹni tí ọmọ ẹ̀ kán lẹ́sẹ̀! Bámikẹ́ wà ní kíṣíìnì, ó ń fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Ó wo Àǹtí Fàúsátù pé kí ó yára bo ọ̀rọ̀ náà. Àǹtí Fàúsátù ò bo nǹkan kan. Ó kàn ń bu omi fún àlejò.

"Àwọn àgbàlagbà yìí ò mọ irọ́ pa," Bámikẹ́ ń sọ fún ìkòkò. "Wọ́n máa pa bàbá mi."

Ó ń ṣọ́ bàbá rẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá bi Àǹtí Fàúsátù ní ìbéèrè mẹ́ta. Ọ̀sán, ẹyọ kan. Ìrọ̀lẹ́, wọn ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n kọjú sí ògiri, ètè wọn ń mì. Ẹ̀kọ dé, wọn ò fọwọ́ kàn án. Oògùn ọkàn wọn wà nínú àwo bó ṣe wà. Bámikẹ́ ní ìfura ló ń jẹ bàbá òun báyìí. Ó ní télọ̀ àtijọ́ yìí ti rí ibi tí ìtàn ya, ó ti ń fi ìka fẹ ihò náà díẹ̀díẹ̀, bó bá yọ ojú síta tó rí ohun tó wà lódì kejì, ó parí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dí ihò náà lónìí yìí. Ta ló sì mọ̀ ọ́n dí jù ú lọ?

Kò bi ẹnì kankan. Ó wọ yàrá Sherif, ó tilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ fídíò rẹ̀. Ó kọ gbogbo ìbéèrè tí ẹni tó mú bíi bàbá rẹ̀ lè béèrè. Ó dí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bi ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn, ó tún dí ìyẹn. Ẹ̀rù bà á bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Ó wá ṣí fóònù, ó wá ohùn tí Sherif fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí ibà mú un níbi iṣẹ́. Ó gé orí ohùn náà, níbi tó ti dárúkọ ibà àti Abẹ́òkúta. Ìyókù ló fi sílẹ̀. Omijé ń kán sójú fóònù bó ṣe ń gé e, ó ń fi aṣọ nù ún, ó ń gé e lọ.

Lẹ́yìn Alásárì ló wọlé tọ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ gbọ́ mi. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ yín lọ́wọ́. Àǹtí ò dé ọ̀dọ̀ Sherif rárá, ẹnu Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́. Ẹ̀rù ń ba Ọmọ́tọ́ṣọ́ náà pé ẹ máa fi ọlọ́pàá mú òun, ìdí tó fi ń sọ ìsọkúsọ nìyẹn. Èmi ni mo débẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì àti apá ọ̀tún ló kán. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí Àgbádárìgì, wọn ò ní dókítà eegun, wọ́n ní kó máa lọ sí Ìkejà. Wọ́n ti fi pí-ó-pí di eegun méjèèjì."

Bàbá Gàníyù yí ojú kúrò lára ògiri. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Kí ló dé tí fóònù ẹ̀ ò lọ?"

"Ó fọ́ sábẹ́ ẹ̀ nígbà tó ṣubú."

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò lọ wò ó?"

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù náà pa, Bàbá. Àrùn tó ń ràn mú aláìsàn kan níbẹ̀. Ojú fèrèsé lèmi gan-an ti rí i."

"Bàbá àgbà yẹn kí mi ní ìkíni ọ̀fọ̀."

"Ẹ ò mọ ará àdúgbò wa ni? Wọ́n gbọ́ pé ó ṣubú láti orí òrùlé, wọ́n ti sìnkú ẹ̀ kó tó délẹ̀."

Ìbéèrè méje ni wọ́n bi í. Ó dáhùn mẹ́fà, kò kọsẹ̀ níbì kan. Lórí ìkeje, wọ́n ní kí ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ. Bámikẹ́ yọ fóònù. "Nọ́ọ̀sì kan ló yá a ní fóònù lánàá," ó ní, kí wọ́n tó béèrè. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Sherif kún yàrá náà. "Àǹtí mi, ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n má dààmú rárá o. Ara mi ti ń yá. Oúnjẹ ibí yìí ló burú, bí omi ìfọwọ́ lọbẹ̀ wọn ṣe rí. Mo ń bọ̀ nílé láìpẹ́."

Bàbá Gàníyù gba fóònù náà, wọ́n gbé e sétí, wọ́n ní kó tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn wọ ẹnu wọn. "Ọbẹ̀ bí omi ìfọwọ́! Olóríburúkú ọmọ. Alihamudulilahi. Alihamudulilahi." Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ẹ̀kọ yẹn dà. Wọ́n mu ún tán, wọ́n lo oògùn wọn, wọ́n ní kí Bámikẹ́ bá wọn ṣí fèrèsé. Inú Bámikẹ́ dùn. Ẹ má bá mi wí, òótọ́ ni mò ń sọ. Ọjọ́ kẹta tí àbúrò rẹ̀ wọlẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ tó ṣe.

Àǹtí Fàúsátù dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga ní pálọ̀, tí wọ́n ń kọrin. Bámikẹ́ fà á sí ẹ̀yìnkùlé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ohùn àti ohun gbogbo. Ó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́. Obìnrin náà wá ibi jókòó. Ike omi kan ló rí, ó jókòó lé e.

"Bámikẹ́, kí lo ṣe?"

"Mo dí ihò tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ni. Àǹtí, ẹ má bínú, irọ́ yín ò dán. Ẹsẹ̀ òsì láàárọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún..."

"O rò pé mi ò mọ ẹsẹ̀ tí mo pè?" Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tajà, ta ni irọ́ ń ṣòro fún? Mo mọ̀ọ́mọ̀ pe òsì, mo mọ̀ọ́mọ̀ pe ọ̀tún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ kúrò ní Àgbádárìgì lọ sí Ìkejà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú ẹ̀, á di odidi. A kì í fi òkú ọmọ lu bàbá ẹ̀ lórí. A máa ń jẹ́ kó jò sí i lára díẹ̀díẹ̀ ni, títí òun fúnra ẹ̀ á fi mọ̀, láìsí ẹni tó la ẹnu wí i. Ọkàn tó ń ṣàìsàn lè gba ìyẹn. Bọ̀dá mi ti dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́ ti gbọ́. Ó kù díẹ̀, Bámikẹ́. Ó kù díẹ̀."

Bámikẹ́ yíjú síhà pálọ̀, níbi tí orin bàbá rẹ̀ ti ń jáde.

"Bá a ṣe sọ ti ìyá ẹ fún ẹ náà nìyẹn," Àǹtí Fàúsátù ní. "Bàtà tó o bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo fi síbẹ̀. Mo ti kó gbogbo ẹrù ẹ̀ kúrò, mo wá dá bàtà yẹn padà."

Bámikẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń bínú sí àwọn àgbà nítorí bàtà yẹn. Ó béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe báyìí. Àǹtí Fàúsátù ní òun ò mọ̀. Ó ní odidi irọ́ kì í ṣeé fi ìka yọ bí àbọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí Bámikẹ́ ṣáà ti pa ẹnu mọ́.

Ọ̀rọ̀ ò dúró dè wọ́n. Ní ọ̀sán Jímọ̀, Bámikẹ́ jáde lọ ra oògùn bàbá rẹ̀. Ìgbà tó padà, yàrá ṣófo. Agbádá funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún ò sí lára ìkọ́. Ọ̀pá wọn ò sí. Bámikẹ́ sá jáde láìbọ bàtà.

Ó dé ẹ̀yìn kọ́tìnì níbi táwọn obìnrin ń jókòó ní mọ́sálásí nígbà tí wọ́n ń sálámà láti parí ìrun. Ó rí bàbá rẹ̀ láti inú ihò kọ́tìnì náà. Wọ́n ti dìde níwájú, oṣù mẹ́rin tí wọn ò ti jáde, wọ́n ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ìmáàmù kí wọ́n jẹ́ káwọn sọ̀rọ̀ kan. Ìmáàmù na gbohùngbohùn sí wọn. Òun ló kírun sí Sherif lára.

"Ẹ̀yin ará mi," ni Bàbá Gàníyù wí, "ẹ kú ìdúró tì wá. Mo gbọ́ pé èèyàn púpọ̀ ti rò pé ọmọ mi ti kú. Èmi gan-an, kí Ọlọ́run foríjì mí, mo rò ó. Ọmọ mi ò kú o! Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lánàá. Ó ń bú ọbẹ̀ ọsibítù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bá mi ṣe Àmín, kí Ọlọ́run jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wálé."

Kò sí ẹni tó ṣe Àmín. Ìlà mẹ́ta ọkùnrin tó jókòó níwájú yẹn, wọ́n ti gbé òkú ọmọ náà lé èjìká lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fáànù ń yí lókè. Bàbá àgbà tó kí wọn ní ìkíni ọ̀fọ̀ fi agbádá bojú, ó ń sunkún. Bàbá Gàníyù wò wọ́n láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n tún wò wọ́n padà. Wọ́n dá gbohùngbohùn padà fún Ìmáàmù, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá wọn.

Bámikẹ́ pàdé wọn lẹ́nu géètì. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú títí wọ́n fi délé. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún.

"Bámikẹ́, mo ní kí wọ́n ṣe Àmín. Wọn ò ṣe é. Kí ló fà á?"

Ìdáhùn ti dé sẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Gbohùngbohùn ò gbé ohùn yín jáde, Bàbá, wọn ò gbọ́ yín ni. Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Kò ní ihò kankan. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ó wo ojú bàbá rẹ̀, kò lè sọ ọ́.

"Sherif ti kú, Bàbá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú. Kò dé ọsibítù kankan."

Ó sáré dì wọ́n mú léjìká méjèèjì, ó ń retí kí wọ́n ṣubú. Wọn ò ṣubú. Wọ́n mí sínú, wọ́n mí síta. Wọ́n rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní èjìká wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

"Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí," ni wọ́n wí. "Ọjọ́rú, nígbà tí Fàúsátù pe ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo wojú ẹ̀, mo mọ̀. Mo dákẹ́ nítorí tìẹ. Mo ní bí ọmọ yìí bá rí i pé mo mọ̀, ẹ̀rù á bà á pé màá kú. Mo kọjú sógiri, mo kírun sí ọmọ mi lára lórí ìdùbúlẹ̀. Mo sin ín síbí." Wọ́n fọwọ́ lu àyà. "Ó ń ro mí, ṣùgbọ́n mo ti ń gbà á fún Ọlọ́run. Ìgbà yẹn lo wọlé wá. Ìwọ tí kì í gba ìtàn tó ya lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo ní bó bá jẹ́ ẹnu Bámikẹ́ ló ti jáde, tí mo fọwọ́ tọ́ ọ yípo tí kò ya níbì kan, òótọ́ ni. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó foríjì mí tí mo sin ọmọ mi láàyè."

"Bàbá, ẹ foríjì mí." Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa kú ni."

"Ọmọ tẹlòmíì a máa kú lẹ́ẹ̀kan. Tèmi kú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Bámikẹ́, ọwọ́ ẹ sì ni ìkejì ti wá."

Ó di ẹsẹ̀ wọn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọn ò ní àwọn foríjì í, wọn ò sì ní àwọn ò foríjì í. Wọ́n mú fìlà wọn kúrò lórí orúnkún, wọ́n dé e padà.

"Lọ pe Fàúsátù fún mi. Kó wá sọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìwọ, má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lónìí."

Bámikẹ́ dìde, ó mú fóònù, ó bọ́ sí ìta. Àǹtí Fàúsátù gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní, "Bámikẹ́, kí ló dé? Ṣé kò sí láburú?"

"Bàbá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀."

"Ṣé ara wọn le?"

"Wọ́n lọ kírun Jímọ̀," ni Bámikẹ́ wí, kò sì lè fi nǹkan kan kún un.

Àǹtí Fàúsátù dákẹ́ lódì kejì. Ariwo ọjà Okókómáíkò ń wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kan ń béèrè ike. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti gbọ́. Mo ń bọ̀."

Bámikẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ń dúró dè é. Nínú pálọ̀, Bàbá Gàníyù bú sẹ́kún, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn.